Orí Ajá Lẹ́nu Ọ̀nà Adágún Ọ̀nì

Ilé Tíṣà Ayamga,
Ẹ̀yìn Àpáta, Bongo.

Apusiga, ọmọ mi,

"Ìlú ẹni ni ilé-ìwé tí kò ní ògiri, ẹni tí kò bá jókòó nínú rẹ̀, òpè ni yóò kú." Ọ̀rọ̀ rẹ nìyẹn. Ìwọ lo tẹ̀ ẹ́ gàdàgbà sórí ìwé ètò tí o fi rán àwọn ọmọ sí wa, mo sì kà á fún ìyá rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kejì, mo dìde dúró kí n tó kà á, torí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń jókòó kà. Ìyá rẹ gbọ́ ọ, ó mi orí, ó ní ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀, àmọ́ ilé-ìwé tí kò bá ní ògiri, ṣé òjò ò ní pa àwọn ọmọ níbẹ̀? Mo ní òwe ni. Ó ní òun náà mọ̀ pé òwe ni, òjò lòun ń béèrè.

Báwo ni ara yín? Ṣé ara ìyàwó le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún tí òjò bá ti fẹ́ rọ̀, kì í sì í purọ́, nítorí náà a kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ lórí rédíò mọ́. Kí Ẹni tó gbé àpáta Bongo kalẹ̀ tí kò yí lu ẹnikẹ́ni gbé ìwọ náà kalẹ̀ sí Accra kó má jẹ̀ẹ́ kí o yí. Kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ. Kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ má jí bínú. Ewúrẹ́ funfun ti bí, mẹ́ta ló bí, ọ̀kan ń yarọ díẹ̀, òun náà ló sì ń kọ́kọ́ débi oúnjẹ. Àwọn awó ti ń yé. Olórí ilé-ìwé tuntun wá kí mi, ó ní kí n wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ lórí ìdàgbàsókè, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ kan òrùlé tí afẹ́fẹ́ ká lọ́dún méjì sẹ́yìn.

Ó yá, ká wá sórí ọ̀rọ̀ tí o fi igbe sọ lórí fóònù lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Mo gbé fóònù náà jìnnà sí etí mi ní ìwọ̀n apá kan, síbẹ̀ ìyá rẹ tó ń rokà lẹ́yìnkùlé gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó tilẹ̀ dá ọ lóhùn lẹ́ẹ̀mejì láti ibẹ̀. O ní mo kọ́ àwọn ọmọ rẹ ní èébú. O ní ọ̀gá ilé-ìwé wọn ti pè ọ́ sí ọ́fíìsì nítorí ohun tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù. O ní Kérésìmesì tó ń bọ̀ yìí, wọn kò ní tẹ Bongo, àfi tí mo bá kọ̀wé tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà adágún ọ̀nì. Mo ti kọ ọ́. N óò sọ bó ṣe rí tí mo bá débẹ̀, torí kò rí bí o ṣe rò. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ to ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà fún ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Fóònù kì í jẹ́ kéèyàn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀; ibi tó bá ti dun ẹni tó ń pè ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ìwé ètò rẹ dára, n kò ní purọ́. Aago mẹ́jọ, oúnjẹ àárọ̀. Aago mẹ́sàn-án, àwọn tó ń hun apẹ̀rẹ̀. Aago mẹ́wàá ààbọ̀, ilé tí àwọn obìnrin kùn lọ́dà. Aago méjìlá, oúnjẹ ọ̀sán. Aago kan, adágún ọ̀nì. Aago mẹ́ta, àṣàrò. Mo bi Awinpoka léèrè pé kí ni wọ́n ń ṣe níbi àṣàrò, ó ní àwọn á jókòó, àwọn á máa ronú sí ohun tí àwọn rí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án! Mo sọ fún un pé níbí, ojú ọ̀nà la ti ń ṣe ìyẹn, tí a bá ń rìn bọ̀ wálé. Ní ti Anaba, ọmọ ọdún márùn-ún yẹn kò sọ nǹkan kan. Láti ìgbà tó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, "ẹ ṣé" àti "rárá, ẹ ṣé" nìkan ló ń ti ẹnu rẹ̀ jáde, ní Gẹ̀ẹ́sì, tí ìyá rẹ fi ń bẹ̀rù pé bóyá ẹ gbàgbé láti kọ́ ọ ní àwọn ọ̀rọ̀ yòókù. Ìyá rẹ ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò gbọ́ tiwa, èmi ni ògbufọ̀ láàárín ìyá àgbà àti àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀, bíi pé wọ́n wá ṣe àdéhùn epo rọ̀bì.

Fọ́ọ̀mù ilé-ìwé ló kọ́kọ́ mú mi lómi. Wọ́n ní kí alágbàtọ́ tó mú ọmọ jáde fi ìràwọ̀ díwọ̀n ibi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n dé, láti orí ẹyọ kan dé márùn-ún. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàdínlógójì máàkì ìwé, mo mọ̀ pé a kì í fún èèyàn ní márùn-ún nínú márùn-ún, kó má baà gbéra ga. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fún rí, ọmọ ọ̀gá tó ń bẹ ilé-ìwé wò ni, bàbá rẹ̀ sì dúró lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà. Mo mú bírò pupa mi, a gbéra, èmi, ọmọ méjì, fọ́ọ̀mù kan.

Ọjọ́ mẹ́fà gbáko ni àwọn ọmọ rẹ ti ń fo koríko tí ìyá rẹ fi ń hun apẹ̀rẹ̀ kọjá nínú ọgbà wa, tí wọn kò wo ohun tó ń fi ọwọ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ètò ní a gbọ́dọ̀ lọ wo ẹni tó ń hun apẹ̀rẹ̀ níbi tí wọ́n kan pátákó sí, a sì lọ. A sanwó, a wọlé. Ta la bá tó jókòó lábẹ́ pátákó? Ìyá rẹ. Ó ti gba àárín oko, ó ṣáájú wa dé. Obìnrin tó máa ń jókòó níbẹ̀ fún àwọn àlejò ló lọ síbi ìsìnkú, wọ́n sì bẹ ìyá rẹ kó bá wọn di ibẹ̀ mú. Kò rẹ́rìn-ín, kò kí wa, ó kàn ń hun ún. Awinpoka pariwo pé Mama rèé, ó jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ya àwòrán rẹ̀ mọ́kànlélógún. Ó ní kí n bá òun bi wọ́n pé láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún àlejò pé láti ìgbà tí owó ilé-ìwé bàbá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó wá bá mi sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí pé nílé òun ń dí ọ̀nà, àṣé pátákó lòun ò ní. Mo fún un ní ìràwọ̀ mẹ́rin. Ó béèrè ibi tí ẹyọ kan yòókù wọlé sí, títí di àárọ̀ yìí ló sì ń béèrè.

Ilé tí wọ́n kùn náà kò burú. Mo fi ìka tọ́ka sí i fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí ni àkúfọ́ igbá, èyí ni màlúù, èyí ni ère tó ń ṣọ́ ilé. Mo fún un ní mẹ́ta, torí ojú ère náà kọ sínú ilé, ta ló wá ń ṣọ́ ìta? A jẹun. A wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, a kọrí sí adágún.

Lẹ́nu ọ̀nà adágún, wọ́n lẹ àwòrán kan mọ́ òpó, dúdú àti funfun, onígun mẹ́rin, wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí ibi tí ikán jẹ. Mo dúró wò ó dáadáa, torí ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ń bọ̀. Mo ní obìnrin tó ya èyí kò ní sùúrù: kò sí igbá, kò sí ère, kò síbi tí ojú lè sinmi sí. Awinpoka ní Bàbá àgbà, owó la fi ń san o, a ó na fóònù sí i, owó á sì wọlé. Mo ní owó ta ni? Ó ní ti Daddy. Mo tún àwòrán náà wò. Mo rí i pé ó lẹ́wà díẹ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni pátákó iye owó wà, ìlà méjì péré: ọmọ ilé, àlejò. Ti àlejò fi ìlọ́po mẹ́wàá ju ti ọmọ ilé lọ. Ẹni tó sì jókòó sábẹ́ rẹ̀ ni Kuuire, ọmọ ẹ̀yà Dagaaba. Láti Jirapa ni iṣẹ́ ti gbé e wá, ó ti pé ọdún mẹ́fà báyìí. O mọ ohun tó wà láàárín àwa Frafra àti Dagaaba, àbí Accra ti gbà á lọ́wọ́ rẹ? Láyé àtijọ́ wọ́n pa ajá kan, orí ajá sọnù nínú ìkòkò. Wọ́n ní àwa la jẹ ẹ́, a ní àwọn ni. Láti ọjọ́ náà, Frafra tó bá rí Dagaaba tí kò bú u, ara rẹ̀ ni kò yá.

Nítorí náà, mo kí i bó ṣe yẹ. Mo ní ṣé wọn ò tíì lé ìwọ olójúkòkòrò yìí kúrò níbí? Ó ní òun ti ń gbóòórùn ajá láti òkèèrè, òun rò pé ẹran àwọn ọ̀nì ni, òun ò mọ̀ pé Tíṣà Ayamga ló ń bọ̀. A bọ ara wa lọ́wọ́. Ó wá yíjú sí àwọn ọmọ. Ó wo jígí dúdú tó wà lójú Awinpoka, ó wo ike omi tí Anaba gbé kọ́ ọrùn, ó kí wọn ní èdè wa. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn, wọ́n ní ẹ káàsán, sà. Kuuire ya tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní ọmọ ilé kan, àlejò méjì.

Mo ní ọmọ Apusiga, ọmọ bíbí inú mi, ni wọ́n. Ó ní ẹni tó lè gbé odindi orí ajá pamọ́ sábẹ́ ẹ̀wù, ṣé ọmọ òyìnbó méjì ló máa wá ṣòro fún un? Ó tẹjú mọ́ iwájú orí Anaba, ó ní lóòótọ́ o, òun ti rí irú iwájú orí yìí rí, ṣùgbọ́n àlejò náà ló gbé e wá nígbà yẹn. Mo dá a lóhùn. N kò ní kọ ohun tí mo sọ síbí, torí ìwé yìí lè bọ́ sọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé.

Ibẹ̀ ni Awinpoka ti bú sẹ́kún. Ó rò pé ìjà ti dé. Ó bọ́ sáàárín wa, ó kúnlẹ̀, ó ní ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú sí Bàbá àgbà, ọjọ́ orí ló ń dà wọ́n láàmú, ẹ wò ó, bàtà yín dára gan-an. Kuuire pàtẹ́wọ́, ó ń pe àwọn tó ń sun awó tà lẹ́bàá ọ̀nà pé ẹ wá wò ó, ẹ wá wo ọmọ Frafra tó ń bẹ Dagaaba! Ó ní tí eléyìí bá jẹ́ ọmọ ilé, a jẹ́ pé òun ni ọ̀nì. Lẹ́yìn náà ló wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní Tíṣà, òun ò fẹ́ ni mí lára. Kí ọ̀kan nínú wọn bú òun bí ọmọ ilé ṣe ń búni, gbogbo wọn á san owó ọmọ ilé. Tí wọn ò bá lè bú òun, ìlà kejì ni kí wọ́n san.

Apusiga, kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Owó tìrẹ ló wà lára òpó, ǹ bá sì san án tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n mo wo ìlà kejì yẹn, mo wo àwọn ọmọ náà, mo rí i pé tí mo bá san owó àlejò lórí ọmọ ọmọ mi níṣojú Dagaaba, tí mo sì gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sọ́wọ́, n kò mọ ohun tí n óò sọ nílé.

Mo kó wọn lọ sábẹ́ igi oṣè. Mo ṣe é bí mo ṣe máa ń ṣe é láyé iṣẹ́ mi. Orí ẹ̀kọ́: èébú. Èròǹgbà: ní ìparí ẹ̀kọ́ yìí, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè bú Dagaaba kan láìwo ilẹ̀. Ohun èlò ìkọ́ni: Kuuire. Mo ka òfin rẹ̀ fún wọn. A kì í bú ìyá èèyàn. A kì í bú àìsàn. A kì í bú ẹni tí kì í ṣe Dagaaba. Ẹni tí a bú kò gbọdọ̀ bínú, ẹni tó bá sì bínú ni yóò ra ọtí. Awinpoka ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní ṣé òun lè lò ó fún olùkọ́ ìṣirò òun? Mo ní ṣé Dagaaba ni? Ó ní òun ò mọ̀. Mo ní kó kọ́kọ́ wádìí. Mo gbọ́ lẹ́nu rẹ pé ó ti wádìí.

Ó lọ lẹ́ẹ̀kíní, ó dúró ṣánṣán síwájú Kuuire, ó ní sà, ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ ga. Kuuire ní àlejò. Ó padà wá, mo tún un kọ́. Ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, ó ní sà, ó dùn mí láti sọ fún yín pé ìwà yín ò tẹ́ mi lọ́rùn. Bí lẹ́tà báńkì ló ṣe dún. Kuuire ní àlejò tó kàwé.

Bí a ṣe ń gbìmọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kẹta lọ́wọ́ ni Anaba yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú tèmi. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó rìn lọ tààrà bá Kuuire, ó gbé etí lé ikùn ọkùnrin náà, ikùn tó yọ síta bí ìkòkò ọtí pito, ó dúró, ó ń gbọ́. Ẹni tó ń fẹ́ iná awó fi abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ náà wá gbójú sókè, ó sọ ọ́ ní èdè wa, kedere bí omi kànga, pé ajá ń gbó níbí.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ajá àti gbígbó, ẹnu mi ló ti gbọ́ wọn, torí àràárọ̀ ni mò ń bá ajá wa wí pé kó yéé gbó. Ọ̀rọ̀ "níbí", ìyá rẹ ló ni ín, tó bá fi ìka kan ikùn rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ pé ṣé níbí ti yó. Ọjọ́ mẹ́fà ni ọmọ yẹn ti ń kó wọn jọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí òkété, àwa rò pé kò rọ́rọ̀ sọ.

Kuuire ṣubú. N kò sọ pé ó jókòó o, mo ní ó ṣubú. Fìlà lọ sápá kan, tíkẹ́ẹ̀tì lọ sápá kejì. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó gbé Anaba lé èjìká, ó ń bá a yí ẹnu ọ̀nà ká, ó ń ké pé ẹ gbà mí o, ọmọ Frafra ti délé, ó ti bú mi, ó ti pa mí. Ó gba owó ọmọ ilé lórí wa, kò dín pésẹ́wà kan. Ẹnì kan ní kó jẹ́ kí wọ́n wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní rárá, àlejò ni wọ́n ń ṣe lóore, àwọn wọ̀nyí sanwó wọn.

Ní ti ọ̀nì tí a bá lọ gan-an, sísùn ló sùn. Awinpoka tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan ìrù rẹ̀, kò dáhùn. Ó la ojú kan, ó rí i pé a kò mú adìyẹ lọ́wọ́, ó pa á dé. Mo fún un ní ìràwọ̀ méjì, mo sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kò fọkàn sí iṣẹ́. Nígbà tí a ń jáde, Awinpoka bọ́ jígí ojú rẹ̀, ó dúró níwájú Kuuire, ó ní pẹ̀lú ọ̀wọ̀, sà, olè orí ajá ni yín, ẹ ṣeun púpọ̀. Kuuire gbé e yẹ̀ wò. Ó ní eléyìí ń bọ̀, ó kù díẹ̀, kó padà wá ní Kérésìmesì wá tún ìdánwò ṣe. Ọmọ náà ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Kí bọ́ọ̀sì wọn tó gbéra, ó bú mi lẹ́ẹ̀mejì fún ìdánrawò, mo sì tún un ṣe.

Fóònù tí o kó lé Awinpoka lọ́wọ́ ló ròyìn gbogbo rẹ̀ fún ọ. Mo ti mọ olófòófó láyé mi, ṣùgbọ́n olófòófó tí kò dúró kí a délé kó tó sọ, èyí ni mo kọ́kọ́ rí. Àtìgbà náà ni ìyá rẹ ti ń da igbá bo fóònù tèmi tí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ilé. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé fídíò tí Awinpoka yà dé ọ̀dọ̀ rẹ kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, o kò sì sọ nǹkan kan. Mo rò pé ẹ̀rín ló ń pa ọ́. Ìgbà tí ọ̀gá ilé-ìwé ka fọ́ọ̀mù tán ló tó di èébú. Kí sì ni mo kọ? Wọ́n béèrè pé kí ni ọmọ kọ́ lọ́jọ́ náà, wọ́n fún mi ní ìlà méjì. Lórí ìlà kìíní mo kọ pé: bí a ṣe ń bú àgbàlagbà. Lórí ìlà kejì mo kọ pé: ọkùnrin yege, obìnrin ń gbìyànjú. Tí wọn ò bá fẹ́ ìdáhùn, kí ni wọ́n fa ìlà fún?

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀. Mo kọ ọ́ bí o ṣe pa á láṣẹ. Gẹ̀ẹ́sì gidi ni mo fi kọ ọ́, mo fi "pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀" bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, mo tún fi parí rẹ̀. Mo gbé e lọ fún Kuuire fúnra mi. Ó rí ìwé lọ́wọ́ mi, inú rẹ̀ dùn, ó rò pé èébú ni mo jókòó kọ wá, ó pe àwọn èèyàn pé kí wọ́n wá gbọ́ ohun tí arúgbó ajá-jẹ kọ. Ó kà á dé ìlà kejì, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ká ìwé náà wẹ́rẹ́, ó dá a padà fún mi. Ó ní Tíṣà, kí ni mo ṣe fún yín, tí ẹ fi ń bẹ̀ mí bí ẹni tí a kò mọ̀? Ó pè mí ní "ẹ̀yin". Ọdún mẹ́fà, Apusiga, ọkùnrin náà kò pè mí ní "ẹ̀yin" rí. Ó gbé àga fún mi kí n jókòó. Igbá pito mẹ́ta ni mo rà, mo sì bú etí bàbá bàbá rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, kó tó tún padà pè mí ní olè, tí ọkàn mi fi balẹ̀.

Nítorí náà mo ti ṣe ohun tí o ní kí n ṣe, kí àwọn ọmọ máa bọ̀ ní Kérésìmesì. Anaba ti ní ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Tó bá wá, á ní sí i. Tí kò bá wá, ìyá rẹ ní mẹ́ta náà á tú ká.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Òrùlé ibi ìdáná ń jò, orúnkún ìyá rẹ ń béèrè òróró tuntun, bírò pupa mi sì ti fẹ́ gbẹ. N kò fẹ́ kí o dààmú rárá. Mo lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà adágún lọ́sàn-án méjì, mo fi rúlà ya àwòrán ara òpó yẹn sẹ́yìn ìwé yìí, àpótí kan lẹ́yìn èkejì, dúdú fún dúdú, funfun fún funfun. Ìyá rẹ wò ó, ó ní kò lẹ́wà, ó fi àkúfọ́ igbá mẹ́ta àti ère kékeré kan kún un. Na fóònù rẹ sí i. Tí owó tó bá jáde bá pọ̀ ju bí o ṣe rò lọ, àwọn igbá náà ló fà á, má dá a dúró. Ó ti kun irú rẹ̀ gàgàrà sára ògiri wa ní ìta, kí ẹni tó bá ń kọjá lọ tó ní fóònù má baà wá ọ̀nà tì. Títí di òní, ewúrẹ́ nìkan ló tíì dúró níwájú rẹ̀.

Kí ilẹ̀ tí o tẹ̀ níbẹ̀ mọ orúkọ rẹ. Kí àwọn ọmọ rẹ má ṣe àlejò níbikíbi tí bàbá wọn ti ní ilé. Ìyá rẹ ní ire náà ni, ó tún ní kí o fi ìràwọ̀ òun ránṣẹ́.

Èmi ni bàbá rẹ,
Tíṣà Ayamga.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí mo lọ bẹ Kuuire, ó gbé ìwé tí àwọn olùbẹ̀wò ń kọ orúkọ sí wá, ó ní kí n kọ tèmi. O mọ àwa tíṣà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i sẹ́yìn, mo ń fi bírò pupa tún àṣìṣe àwọn èèyàn ṣe. Nínú oṣù kọkànlá ọdún tó kọjá, àwọn méje kan wá láti Accra, ọkọ̀ kan náà ló kó wọn wá. Ẹnì kan nínú wọn ń kọ lẹ́tà "g" tí ìrù rẹ̀ ká sókè bíi ti àkekèé. Odindi ọdún kan ni mo fi bá ìrù yẹn jà ní kíláàsì kẹta, n kò borí. Níbi tí wọ́n ti ní kó kọ èrò ọkàn rẹ̀, ó kọ ọ́ pé ìlú ẹni ni ilé-ìwé tí kò ní ògiri. Níbi tí wọ́n ti ní kó kọ ìlú rẹ̀, ó kọ Accra. N kò fi bírò pupa kàn án. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kì í lò ju ogójì ìṣẹ́jú lọ láti ibẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà wa, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ètò máa ń le. N kò tíì sọ fún ìyá rẹ. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀, torí Kuuire ní pátákó yẹn ti wà níbẹ̀ nígbà náà: ìlà wo ni o san?